Ọ̀pọ̀ Ẹ̀dà, Àdéhùn Kan: Ọ̀rọ̀ Lórí Mímú Lẹ́tà àti Kàlẹ́ńdà Dọ́gba Lórí Kọ̀ǹpútà Púpọ̀

  Kí n tó tẹ̀ síwájú, mo júbà àwọn àgbà tí wọ́n ti dúró lórí pèpéle yìí ṣáájú mi. Mo júbà àwọn olùkọ́ mi, àwọn tí wọ́n kọ́ mi ní ìwé, àti àwọn tí kò mọ̀wé ṣùgbọ́n tí wọ́n kọ́ mi ní ọ̀rọ̀. Bí mo bá ṣì í sọ, ẹ bá mi tún un ṣe.

Mo mọ̀ pé àkọlé ọ̀rọ̀ mi yóò ṣe àwọn kan ní kàyéfì. Ó lé ní ogún ọdún tí ẹ ti mọ̀ mí mọ ìtúpalẹ̀ ewì alohùn. Kí ni onílítíréṣọ̀ ń wá ní ìdí kọ̀ǹpútà? Èsì mi kò gùn: àgbẹ̀ tí ọkọ́ rẹ̀ bá kán ni í mọ ọ̀nà ilé alágbẹ̀dẹ. Ọkọ́ tèmi kán lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà àkọ́kọ́, èmi nìkan ni mo pàdánù. Nígbà kejì, ọmọ ọlọ́mọ ni ó jìyà rẹ̀. Nígbà tí mo wá ń wádìí ohun tí ó ṣẹlẹ̀, mo rí i pé ìbéèrè tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń bi ara wọn kò jìnnà sí èyí tí àwa náà ti ń bi ara wa láti ọjọ́ pípẹ́, pé: nígbà tí ohun kan bá ní ẹ̀dà púpọ̀, èwo nínú wọn ni kí a gbára lé?

1. Àdánù Méjì

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí. Mo ní kọ̀ǹpútà kan ní ọ́fíìsì mi. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, mo ra èyí tí a lè gbé lé itan fún iṣẹ́ ilé. Lẹ́yìn èyí ni fóònù alágbèéká náà di kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ mi. Báyìí ni ẹni kan ṣe di onílé mẹ́ta láìmọ̀. Ọ̀gá mi kan tí ó ti di olóògbé a máa kọ lẹ́tà sí mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, ó padà sí ìlú rẹ̀, ó sì ń lọ jókòó ti àwọn ọdẹ àgbà tí wọ́n ń sun ìjálá. Bí ọdẹ kan bá fi ọ̀rọ̀ kan rọ́pò èyí tí ó lò ní ọdún tí ó kọjá, ọ̀gá mi yóò kọ ọ́ sí mi, yóò sì bi mí ní ìdí rẹ̀. Ọdún méje gbáko ni a fi kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sí ara wa.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, iná mọ̀nàmọ́ná lọ. Nígbà tí yóò padà dé, agbára tí ó bá dé ju ohun tí ẹ̀rọ lè gbà lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì mi kò jí. Ọmọkùnrin tí ó wá tú u wò sọ fún mi pé, “Bàbá, ẹ má bínú, ibi tí ó ń kó ẹrù pamọ́ sí ti jóná.” Mo ní kò burú, pé lẹ́tà mi wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí n ṣí i kí òun wò ó. Mo ṣí i. Àpótí lẹ́tà náà ṣófo bí igbá tí a ti fọ̀ nù.

Ìkejì ni ìdánwò àfẹnuṣe akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tí mo ṣe alábòójútó iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ fún oyè ọ̀mọ̀wé. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni olùdánwò tí a pè láti ìta wà, a sì fẹ́ ṣe ìdánwò náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ọdún ni lẹ́tà rẹ̀ dé pé kí a pàdé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹrin, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù. Mo fi orí ara mi ṣírò rẹ̀. Ní ọjọ́ tí lẹ́tà náà dé, aago mẹ́wàá tiwọn jẹ́ aago mọ́kànlá tiwa. Mo kọ mọ́kànlá sínú kàlẹ́ńdà mi, ọkàn mi sì balẹ̀. N kò rántí pé ní ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù kẹta, àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa sún aago wọn síwájú ní wákàtí kan, nígbà tí àwa kì í sún tiwa rárá. Láti ọjọ́ náà títí di ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, ọ̀kan náà ni aago wọn àti tiwa.

Ní aago mẹ́wàá, gbogbo ènìyàn ti jókòó, wọ́n ń retí mi. Èmi ń mu tíì nílé. Nígbà tí mo fi máa dé, olùdánwò náà ti ní iṣẹ́ mìíràn tí ó ń lọ ṣe ní aago mọ́kànlá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án kọjá kí a tó rí ọjọ́ mìíràn tí ó rọ gbogbo wa lọ́rùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án yìí, iṣẹ́ olùkọ́ kan tí wọ́n ti fẹ́ fún ọmọ náà, tí wọ́n ní kí ó mú ìwé ẹ̀rí wá kí ọjọ́ kan tó pé, bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò bá mi jà. Ohun tí ó sọ ni pé, “Bàbá, ẹ má da ara yín láàmú.” Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju èébú lọ, òun ni ó sì gbé mi dé orí pèpéle yìí lónìí.

2. Irú Ẹ̀dà Méjì

Ní ìdí iṣẹ́ wa, ẹ̀dà kì í ṣe ọ̀tá. Bí babaláwo kan ní Ọ̀yọ́ bá ki ẹsẹ Ifá kan, tí òmíràn ní Ìjẹ̀bú sì ki ẹsẹ kan náà pẹ̀lú ìyàtọ̀, a kì í sọ pé ọ̀kan nínú wọn purọ́. A ó ṣe àdàkọ méjèèjì, a ó gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a ó sì bèèrè ohun tí ìyàtọ̀ náà ń sọ fún wa nípa ìlú, nípa olùkọ́ tí ó kọ́ wọn, àti nípa àwùjọ tí wọ́n ń ki í fún. Ẹni tí ó bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí ẹyọ kan, tí ó da ìyókù nù, ó ti ba iṣẹ́ jẹ́. Bí a ti tọ́ mi dàgbà nínú ẹ̀kọ́ nìyẹn, mo sì gbà á gbọ́ títí di òní.

Ṣùgbọ́n irú ẹ̀dà mìíràn wà tí kò rí bẹ́ẹ̀, èyí ni ẹ̀dà àdéhùn. Bí kàlẹ́ńdà mi bá wí pé mọ́kànlá, tí tiyín wí pé mẹ́wàá, ìyàtọ̀ náà kò fi ọrọ̀ kankan kún wa. Ẹnì kan yóò dúró títí, ẹnì kan yóò pẹ́ dé. Níhìn-ín ni òwe àwọn àgbà ti bá a mu wẹ́kú pé ọba méjì kì í gbé ààfin kan.

Àwọn baba wa mọ ewu tí ó wà nínú iṣẹ́ tí a fi rán ni. Ẹ rántí àrokò. Bí ẹnì kan bá di owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé ọkàn mi fà sí ọ, nítorí ẹ̀fà. Bí ẹni tí a rán an sí bá di owó ẹyọ mẹ́jọ padà, ó dáhùn pé ọ̀rọ̀ wa jọ, nítorí ẹ̀jọ. Ẹ jẹ́ kí a wá rò ó wò pé ẹyọ méjì já bọ́ lójú ọ̀nà nínú mẹ́jọ tí ó ń bọ̀. Mẹ́fà ni yóò dé. Ohun tí ó bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni pé mẹ́fà náà ní ìtumọ̀. Kò jọ ohun tí ó bàjẹ́. Ó jọ iṣẹ́ tí ó pé. Ẹni tí ó gbà á kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ti sọnù, yóò kàn rò pé ìbéèrè òun ni wọ́n fi bi òun padà. Bákan náà ni aago mọ́kànlá tí mo kọ sínú kàlẹ́ńdà mi rí. Kò sí àbùkù kankan lójú rẹ̀. Àṣìṣe tí ó bá wọ aṣọ òótọ́ kì í jẹ́ kí a fura.

Nítorí náà, bí mo bá lo ọ̀rọ̀ náà “ìmúdọ́gba” lónìí, ohun tí mo ń sọ ni ètò tí a fi ń rí i pé ẹ̀dà ohun kan tí ó wà lórí ẹ̀rọ púpọ̀ kò yapa sí ara wọn, àti pé bí wọ́n bá yapa, ọ̀nà wà láti mọ̀ ọ́n, ọ̀nà sì wà láti parí rẹ̀.

3. Ọ̀rọ̀ Lẹ́tà

Ní ọdún 1971 ni Ray Tomlinson, ará Amẹ́ríkà, fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn lórí ARPANET, tí ó sì fi àmì @ ya orúkọ ẹni sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ ẹ̀rọ tí ó ń lò. Ẹ kíyè sí i pé ní ìgbà náà, ẹ̀rọ kan pàtó ni lẹ́tà ẹni ń gbé. Ẹni tí ó bá fẹ́ kà á ni yóò lọ bá a níbẹ̀. Ìṣòro tí à ń sọ kò tíì dé.

Ó dé nígbà tí kọ̀ǹpútà kékeré wọ ilé àti ọ́fíìsì. Kọ̀ǹpútà kékeré kì í wà lójúfò tọ̀sán tòru. Nítorí èyí, a nílò kọ̀ǹpútà kan tí kì í sùn, tí yóò máa gba lẹ́tà dúró de ẹni tí ó ni ín. Kọ̀ǹpútà àgbà ni n ó máa pè é. Ní ọdún 1984 ni a gbé ìlànà kan jáde tí a ń pè ní POP. Lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ nínú orúkọ náà dúró fún ilé-ìfìwéránṣẹ́, orúkọ náà sì rò ó. Gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe ní ilé-ìfìwéránṣẹ́, ẹni tí ó ni lẹ́tà yóò lọ síbẹ̀, yóò kó ẹrù rẹ̀, yóò gbé e lọ sílé. Ilé-ìfìwéránṣẹ́ kò sì ní mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ mọ́. A lè sọ fún ẹ̀rọ pé kí ó fi ẹ̀dà sílẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni ó kó. Ìlànà yìí ni wọ́n fi ṣètò kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì mi láti ìbẹ̀rẹ̀, n kò sì bèèrè. Ìdí nìyí tí àpótí tí mo ṣí fi ṣófo. Kò sí olè kankan. Èmi fúnra mi ni mò ń kó o ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, fún ọdún méje.

Ní ọdún 1986, ní Yunifásítì Stanford, Mark Crispin bẹ̀rẹ̀ ìlànà mìíràn tí a mọ̀ sí IMAP. Èrò tirẹ̀ yàtọ̀. Kọ̀ǹpútà àgbà ni ilé lẹ́tà. Àwọn ẹ̀rọ ìyókù, ojú fèrèsé ni wọ́n jẹ́. Ohun tí a bá ṣe ní ojú fèrèsé kan, inú ilé ni a ti ṣe é, ẹni tí ó bá sì yọjú láti ojú fèrèsé mìíràn yóò rí i. Nínú ìlànà yìí, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú àpótí a máa ní nọ́ńbà tirẹ̀, a kì í sì í gba nọ́ńbà náà kí a fi fún òmíràn. Bákan náà ni lẹ́tà a máa gbé àmì kiri lára: a ti kà á, a ti dá a lóhùn, ó ṣe pàtàkì, a kò tíì kọ ọ́ tán, a fẹ́ pa á rẹ́. Àmì wọ̀nyí ni ó jẹ́ kí ẹni tí ó ka lẹ́tà lórí fóònù nínú ọkọ̀ má tún bá a bíi tuntun ní ọ́fíìsì.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé gbogbo rẹ̀ parí síbẹ̀. Mo ti rí ojúgbà mi kan tí lẹ́tà tí ó ń gbà dọ́gba lórí gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí èyí tí ó ń kọ kò dọ́gba. Wọ́n ti ṣètò kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀ pé kí ó máa fi ẹ̀dà lẹ́tà tí ó bá jáde pamọ́ sórí ara rẹ̀ nìkan. Ní ọ́fíìsì, ó rí ìbéèrè, kò rí ìdáhùn tí òun fúnra rẹ̀ kọ, ó sì tún dáhùn lẹ́ẹ̀kejì, ìdáhùn kejì sì tako ti àkọ́kọ́. Ẹni tí ó bá ń yẹ ètò rẹ̀ wò, kí ó yẹ àpótí lẹ́tà tí ó jáde àti èyí tí a kò tíì kọ tán wò pẹ̀lú.

4. Ọ̀rọ̀ Kàlẹ́ńdà

Kàlẹ́ńdà le ju lẹ́tà lọ, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro láti rí. Lẹ́tà tí a ti kọ kì í yí padà. A lè kà á, a lè pa á rẹ́, ìyẹn náà ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ àdéhùn a máa yẹ̀, ibi ìpàdé a máa yí padà, ènìyàn a máa kún un, ènìyàn a sì máa yọ kúrò.

Ní ọdún 1998 ni a gbé ìlànà tí a ń pè ní iCalendar jáde, tí a sì tún un ṣe ní ọdún 2009. Òun ni ó sọ bí a ó ti kọ ọjọ́ àdéhùn sílẹ̀ kí ẹ̀rọ tí ẹni kan ṣe lè ka ohun tí ẹ̀rọ ẹlòmíràn kọ. Àdéhùn kọ̀ọ̀kan ní àmì ìdánimọ̀ tí kò gbọdọ̀ jọ ti òmíràn. Ó tún ní nọ́ńbà ìtúnṣe tí í máa ròkè bí ẹni tí ó pe ìpàdé ti ń yí i padà. Nípa báyìí, bí mo bá pe ìpàdé sí ọjọ́ Ajé, tí mo sì wá sún un sí ọjọ́ Ọjọ́rú, ẹ̀rọ yín yóò mọ̀ pé ìpàdé kan náà ni, kò ní kọ méjì. Bí ẹ bá fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́ sínú kàlẹ́ńdà láti inú lẹ́tà mi, okùn tí ó so tiyín mọ́ tèmi ti já. Ẹ̀dà tiyín ti di ọmọ òrukàn.

Ìlànà kejì ni CalDAV, tí ó jáde ní ọdún 2007. Ohun tí IMAP ṣe fún lẹ́tà ni ó ṣe fún kàlẹ́ńdà: ó fi kọ̀ǹpútà àgbà ṣe ààfin. Ohun tí ó wù mí jù nínú rẹ̀ ni bí ó ti ń parí ìjà. Kọ̀ǹpútà àgbà a máa fi àmì kan sára àdéhùn kọ̀ọ̀kan, àmì náà a sì yí padà nígbàkígbà tí àdéhùn náà bá yí padà. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé mo wà ní abúlé tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì yí ibi ìpàdé padà lórí fóònù mi. Ní àkókò kan náà, akọ̀wé wa yí wákàtí rẹ̀ padà ní ọ́fíìsì. Nígbà tí fóònù mi bá dé ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì wà, yóò gbé ìyípadà mi lọ, yóò sì sọ pé, “Àmì tí mo mọ̀ kẹ́yìn nìyí.” Bí àmì náà bá ti yàtọ̀ sí èyí tí ó wà láàfin, kọ̀ǹpútà àgbà yóò kọ̀. Yóò ní kí n kọ́kọ́ wò ó bí nǹkan ti rí báyìí. Ìwà ọmọlúàbí ni mo pe irú kíkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó bá gba ohun gbogbo láìbèèrè, tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ni ó jàre, yóò fi ọ̀rọ̀ ẹnì kan bo ti ẹnì kejì mọ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀.

Ẹnì kan lè bèèrè pé: ṣé a kò lè wo aago láti mọ ẹni tí ó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ni? Leslie Lamport dá irú ìbéèrè yìí lóhùn nínú àpilẹ̀kọ kan ní ọdún 1978. Ó fi hàn pé aago ẹ̀rọ méjì kì í bára mu pátápátá, àti pé ohun tí ó dájú ni ìtẹ̀léra okùnfà: kò sí iṣẹ́ tí a lè gbà kí a tó rán an. Bí ọ̀ràn méjì kò bá ní irú okùn yìí láàárín wọn, a kò lè fi ìdánilójú sọ èyí tí ó ṣáájú. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìtúpalẹ̀ ìtàn àtẹnudẹ́nu mọ èyí dáradára. Bí ìtàn ìlú méjì bá jọ ara wọn, kì í ṣe ọjọ́ tí a kọ ọ́ sílẹ̀ ni ó ń sọ èyí tí ó bí èkejì.

Aago ìlú àti ìlú wá jẹ́ ẹ̀ka tirẹ̀. Kàlẹ́ńdà tí ó dára kì í kọ “aago mẹ́wàá” lásán. Ó ń kọ aago mẹ́wàá ti Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ní ìwé kan tí ó ń wò láti mọ ọjọ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ń sún aago. Bí mo bá ti fi orúkọ ìlú sí i ni, ẹ̀rọ náà ìbá ti bá mi ṣe ìṣirò náà. Èmi ni mo gba ìṣirò lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, tí mo fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ má sì jẹ́ kí a rò pé ọ̀rọ̀ aago ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni. Ní ìlú wa níhìn-ín, ọ̀nà ìkà-ọjọ́ méjì ni a ń lò pọ̀ lójoojúmọ́. Nínú ìṣirò Yorùbá, a máa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn. Ọjà ọrọọrún tí a bá ná lónìí, ọjọ́ karùn-ún ni a ó tún ná an, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí kò bá ka òní yóò pè é ní ọjọ́ mẹ́rin. Ìtàdógún ní ẹ̀tàdógún nínú orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ 16 ni í wà láàárín ọjọ́ kan àti èkejì bí a bá yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì. Mo ti rí àgbàlagbà kan tí ó wí ní ọjọ́ Ajé pé, “Òní ọjọ́ mẹ́jọ ni kí ẹ wá.” Ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀ ni ó ní lọ́kàn. Ọmọ tí ó ń kọ ọ́ sínú fóònù ro mẹ́jọ pọ̀ mọ́ ọjọ́ tí ó wà, ó sì kọ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àwọn méjèèjì gbọ́ èdè Yorùbá. Àwọn méjèèjì mọ ìṣirò. Kò sí ẹ̀rọ tí ó lè mú irú èyí dọ́gba, nítorí pé kí ó tó dé inú ẹ̀rọ ni ó ti yapa.

5. Ìmúdọ́gba Kì í Ṣe Ìpamọ́

Kókó kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé, bí ẹ bá tilẹ̀ gbàgbé ìyókù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé nítorí pé lẹ́tà àwọn wà lórí ẹ̀rọ mẹ́ta, ẹ̀dà mẹ́ta ni àwọn ní. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀rọ mẹ́ta bá dọ́gba, ẹ̀dà kan ni ẹ ní tí ẹ ń wò láti ojú fèrèsé mẹ́ta. Ọmọ tí ó fi fóònù yín ṣeré tí ó sì pa àpótí kan rẹ́, ó ti pa á rẹ́ ní ọ́fíìsì àti nílé pẹ̀lú. Píparẹ́ náà jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń jẹ́, ó sì ń jẹ́ ẹ tọkàntọkàn.

Nítorí èyí, ìpamọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀dà tí kò ní okùn mọ́ ààfin: èyí tí a gbé sórí dísíìkì mìíràn láti ìgbà dé ìgbà, tí a yọ kúrò lára ẹ̀rọ, tí a tì pa sí ibòmíràn. Irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ yóò gbó, kò ní bá ti òní mu, ṣùgbọ́n àǹfààní rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ohun tí a bá ṣìṣe lónìí kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀rí mi rèé. Lẹ́yìn ìsìnkú ọ̀gá mi, mo lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀. Mo sọ fún ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà bí lẹ́tà bàbá rẹ̀ ti ṣòfò lọ́wọ́ mi. Ó dìde, ó wọ yàrá, ó sì gbé fáìlì bébà kan jáde. Bàbá náà kò gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ. A máa ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà tí ó bá kọ sórí bébà kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni tèmi tí mo kọ sí i kò sí níbẹ̀ rárá. Ìdajì ìfọ̀rọ̀wérọ̀ wa ni ó kù. Mo gbà á, mo dúpẹ́, mo sì mọ̀ pé bébà tí kò dọ́gba pẹ̀lú ohunkóhun ni ó yọ ìdajì náà.

Ìdí kejì wà tí kò fi yẹ kí a fi gbogbo ọ̀rọ̀ wa sí òkèèrè. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun mélòó kan bàjẹ́ ní ẹ̀bá ilẹ̀ Côte d’Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ní ẹ̀dà lórí ara rẹ̀ lè ka lẹ́tà àná, ó lè mọ ibi tí ó yẹ kí ó wà ní ọ̀sán, ó sì lè kọ èsì tí yóò jáde nígbà tí ọ̀nà bá là. Ẹni tí ó jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni ó ti ń wo tirẹ̀, ó jókòó lásán. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

6. Ohun tí Ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Lè Ṣe

Alága wa, ẹ kò ní kí n wá ṣòfin, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ṣubú lè fi ibi tí òkúta wà han ẹlòmíràn. Èkíní, kí olúkúlùkù bèèrè ìlànà tí wọ́n fi ṣètò lẹ́tà rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ POP ni, tí ó sì ní ju ẹ̀rọ kan lọ, kí ó yí i padà sí IMAP, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ohun tí ó wà lórí ẹ̀rọ àtijọ́ náà.

Èkejì, kí a yan ààfin kan fún kàlẹ́ńdà, kí gbogbo ẹ̀rọ wa sì máa wò ó. Ọ̀pọ̀ fóònù ni ó máa ń bèèrè ibi tí a fẹ́ kọ àdéhùn sí, ọ̀kan nínú ibi tí ó sì ń dárúkọ ni orí fóònù náà gan-an. Ohun tí a bá kọ síbẹ̀ kò ní dé ibòmíràn láéláé. Bákan náà, ẹni tí ó bá gba fáìlì kàlẹ́ńdà ọdún ẹ̀kọ́ kan tí ó sì tú u sórí ẹ̀rọ rẹ̀, bí ọjọ́ náà ti rí ní òwúrọ̀ yẹn nìkan ni ó gbà. Bí wọ́n bá yí ọjọ́ ìdánwò padà lọ́la, kò sí ẹni tí yóò sọ fún un.

Ẹ̀kẹta, kí ẹni tí ó pe ìpàdé fi ìkésíni ránṣẹ́ láti inú kàlẹ́ńdà rẹ̀, kí àwa tí a pè sì gbà á, dípò kí olúkúlùkù máa fi ọwọ́ kọ tirẹ̀. Ẹ̀kẹrin, kí a máa kọ orúkọ ìlú mọ́ aago, kí a sì máa kọ déètì mọ́ “òní ọjọ́ mẹ́jọ.” Ẹ̀karùn-ún, kí a ní ẹ̀dà ìpamọ́ tí kò dọ́gba.

Àgbálọgbábọ̀

Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè pé èwo nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀dà ni kí a gbára lé. Ìdáhùn mi ni pé ó dá lórí irú ẹ̀dà tí ó jẹ́. Bí ó bá jẹ́ ewì, kí a fi gbogbo rẹ̀ pamọ́, kí a sì kọ́gbọ́n lára ìyàtọ̀ wọn. Bí ó bá jẹ́ àdéhùn, kí a fi ẹnu kò lórí ọ̀kan, kí ìyókù sì máa tẹ̀ lé e. Lẹ́tà ọ̀gá mi jẹ́ méjèèjì pọ̀: iṣẹ́ tí a rán ni, àti ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó pẹ́ ju ẹni tí ó rán an lọ. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí n mú un dọ́gba, kí n sì tún fi í pamọ́. N kò ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Àwọn àgbà wa ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yìí ń fi hàn wá pé ẹni tí ó ń jẹ́ iṣẹ́ ní làákàyè tí ó lè lò sí i. Ẹ̀rọ kò ní irú làákàyè yìí. Bí a bá rán an níṣẹ́ ẹrú, ti ẹrú gẹ́lẹ́ ni yóò jẹ́. Mọ́kànlá ni mo kọ fún un, mọ́kànlá náà ni ó sì pè mí. Kò purọ́, kò gbàgbé, kò pẹ́. Àbùkù náà wà lọ́wọ́ ẹni tí ó rán an.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di ọ̀mọ̀wé, ó sì ti rí iṣẹ́ olùkọ́ ní ibòmíràn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ kí ó tó rí i. Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ó ní kí n wá ṣe olùdánwò fún akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀. Ìkésíni náà dé sínú kàlẹ́ńdà mi, kò jẹ́ kí n fi ọwọ́ kọ nǹkan kan. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ó kọ aago ìlú wa àti aago ìlú olùdánwò kejì sí, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Kò fi ọ̀rọ̀ kankan sí i. Mo dé ibẹ̀ kí wákàtí náà tó pé, mo sì jókòó dè wọ́n.